Ta Ni Yóò Ṣe Ìlú?

Gbogbo ẹni tó bá ti lọ sí fẹ́lóṣíìpù nínú ọgbà wa yìí, ó dájú pé yóò ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Ìṣèlú dọ̀tí, ọmọ Ọlọ́run ò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, gbogbo ilé á ké "Àmín!" bí ẹni pé àdúrà ni wọ́n gbà. Èmi kì í bá wọn ṣe àmín yẹn. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ o, ọmọ Igbókọ̀dá ni mí ni. Ní etí omi wa lọ́hùn-ún, àwọn onígbàgbọ́ ti ṣe ìṣèlú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Wọ́n ṣe é débi pé wọ́n tẹ ìlú dó. Ẹni tí wọ́n bá bí sí irú ibẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ò lè tètè wọ̀ ọ́ létí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò, torí ohun tí wọ́n ní ká wá kọ́ níbí nìyẹn. Ìṣèlú: ì, ṣe, ìlú. Ṣíṣe ìlú ni. A máa ń ṣe ilé, a máa ń ṣe ọjà, a sì máa ń ṣe ọkọ̀ ojú omi tó bá ti ń jò. N ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dìde nínú ìjọ kó ní ọkọ̀ títúnṣe dọ̀tí, kí onígbàgbọ́ jókòó sínú omi kó máa kọrin. Àwọn ará ìlú fúnra wọn mọ ìyàtọ̀, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ: ẹni tó ń ṣe ìlú ni òṣèlú, ẹni tó ń jẹ ìlú ni ọ̀jẹ̀lú. Ọ̀jẹ̀lú ni wọ́n ń sá fún nínú fẹ́lóṣíìpù, ṣùgbọ́n òṣèlú ni wọ́n ń bú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ayétòrò. Tẹ́ ẹ bá dé èbúté Igbókọ̀dá, ẹ ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ẹ ó máa gba ojú omi lọ títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí apẹja pọ̀ nínú wọn, tẹ ìlú náà dó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé wọ́n ta ko òrìṣà bíbọ àti pípa ìbejì, àwọn èèyàn sì ṣe inúnibíni sí wọn nítorí ẹ̀. Ni wọ́n bá kó jáde, wọ́n lọ dúró sí etí òkun, lórí àbàtà. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Olórí ìjọ náà ni ọba ìlú. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́. Ẹja tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọdé àtàgbà, inú ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń daṣọ bò wọ́n. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Pákó ni wọ́n tò sórí àbàtà tó di títì tí wọ́n ń rìn. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ wa ṣì ń tan àtùpà, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò. Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó wá wo ìlú yìí, ó yà wọ́n lẹ́nu. Stanley Barrett, ará Kánádà, kọ odindi ìwé nípa rẹ̀ tó jáde ní 1977.

Mo fẹ́ bi yín: kí lẹ máa pe ìyẹn tí kì í bá ṣe ìṣèlú? Ta ni yóò ṣiṣẹ́, ta ni yóò pín oúnjẹ, ibo ni títì yóò gbà, níbo ni ọmọ yóò ti kàwé, ọ̀rọ̀ ìjọba ni gbogbo ẹ̀. Àwọn baba wọ̀nyẹn ò dúró de gómìnà. Bíbélì wà lọ́wọ́ kan, òòlù wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n sọ ìlú náà. Omi tí ẹrẹ̀ ẹ̀ bá ti rọlẹ̀ sísàlẹ̀, tójú ẹ̀ mọ́ gaara, òun la ń sọ pé ó tòrò. Ayétòrò: ayé wa ti tòrò. Àwọn tó gbé orí omi tí kì í sinmi ló sọ ìlú wọn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ewì, n ò tíì kọ ìlà kan tó dára tó o.

Àmọ́ ṣá, n ò ní parọ́ fún yín. Ayétòrò kò dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ní 1968, wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí kálukú lè máa ṣiṣẹ́ fún àpò ara ẹ̀, àpò kan ṣoṣo yẹn sì tú. Ẹnu àwọn àgbà ò kò lórí ohun tó fà á. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ibi tí aláṣẹ ìjọ bá ti tún jẹ́ aláṣẹ ìlú, ó máa ń ṣòro kéèyàn bèèrè ọ̀rọ̀. Tó o bá ní ìṣirò owó ò yé ẹ, wọ́n lè ní ìgbàgbọ́ rẹ ló ti rẹ̀. Tó o bá ta ko ọba, o ti ta ko wòlíì nìyẹn. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ pé kí onígbàgbọ́ ṣe ìlú, n ò sọ pé kí ìjọ gba ìlú o. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala kẹwàá, sọ pé ìjọba kan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Mo fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Séráfù ni mí láti inú oyún.

Ní báyìí, òkun ń jẹ Ayétòrò. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́, ó ti gbé ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà tó bí màmá mi ti kó ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ tí màmá mi gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ló kù tí wọ́n fi ń gba orí ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ ò jókòó láìgbàdúrà. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ṣọ́ òru, wọ́n fi agogo lọ sétí omi. N ò fi àdúrà ṣẹ̀sín, èmi náà ti wọ aṣọ funfun dúró níbẹ̀ rí tí omi ń gbá mi lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé náà wà nílé ìjọba. NDDC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004. Nígbà tó di 2009, wọ́n tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Ọdún ń gorí ọdún, a ò rí ògiri, òkun náà ò rí ohun tó dá a dúró. Ìpínlẹ̀ wa náà ní OSOPADEC fún àwọn agbègbè tí epo rọ̀bì ti ń jáde, òfin ìlú sì ní kí wọ́n dá ó kéré tán ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún owó epo padà fún ìpínlẹ̀ tó ti wá. Owó ń wọlé. Mo wá ń rò ó: gbogbo àwọn tọ́ràn náà gba ọwọ́ wọn kọjá láti 2004, àwọn tó fọwọ́ síwèé, àwọn tó yẹ kó lọ wo iṣẹ́, àwọn aṣòfin tó yẹ kó bèèrè, ṣé kò sí onígbàgbọ́ kankan láàárín wọn ni? Wọ́n á wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi ìgbàgbọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, bí ẹni bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọ ilé àdúrà Séráfù. Ta ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Ṣebí àwa náà ni, àwa tá a ní ìṣèlú ò kan ọmọ Ọlọ́run.

Ẹ rántí Nehemáyà. Agbọ́tí ọba ni, ó ń ṣiṣẹ́ láàfin. Nígbà tó gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbàdúrà tán, ọ̀dọ̀ ọba ló lọ. Ó bèèrè àyè, ó bèèrè ìwé àṣẹ, ó bèèrè igi lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba. Ó délé, ó fi òru rìn yí odi náà ká kó lè fojú ara ẹ̀ rí ohun tó bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló pín iṣẹ́, ẹlòmíì sì tún ibi tó kọjú sí ilé ara ẹ̀ mọ. Nígbà tí wọ́n fi jẹ gómìnà, ó kọ̀, kò jẹ owó oúnjẹ gómìnà, torí ara ti ni àwọn èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, èwo ni kì í ṣe ìṣèlú nínú gbogbo èyí? Ká ní Ayétòrò rí Nehemáyà kan ṣoṣo nínú àwọn tó wà láàfin láti 2004, bóyá ilé ìyá àgbà mi ì bá ṣì dúró.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ká ṣáà ti rí pásítọ̀ fi síbẹ̀ o. A ti rí pásítọ̀ wò. Chris Okotie ti ìjọ Household of God dupò ààrẹ ní 2003, ó tún du ú ní 2007 àti 2011, kò wọlé. Pásítọ̀ Tunde Bakare ni igbákejì tí Buhari mú ní 2011 lábẹ́ CPC, wọn ò wọlé. Nígbà tí APC dìbò abẹ́lé ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Bakare ò rí ìbò ẹyọ kan. Pásítọ̀ Yemi Osinbajo ti Rídíìmù, tó ṣe igbákejì ààrẹ láti 2015 sí 2023, rí 235. Tinubu rí 1,271. Nínú ọdún yẹn kan náà ni Rídíìmù dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ìjọba, ariwo sì pọ̀ lórí ẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oyè pásítọ̀ kì í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ìbò. Osinbajo pàápàá, òun ló ń wọ ọjà kiri nígbà TraderMoni, tí wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kí ìbò 2019 tó dé. Àwọn kan ní àánú ni, àwọn kan ní ìbò ni wọ́n fi ń rà. Àwọn ìyá ọjà gba owó náà ṣáá. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá pásítọ̀ ló gbé e wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe rò pé ìṣèlú onígbàgbọ́ ni ká máa dìbò fún onígbàgbọ́ nìkan. Ní June 12, 1993, Mùsùlùmí ni Abiola, Mùsùlùmí ni Kingibe igbákejì ẹ̀, àìmọye Kírísítẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá ló dìbò fún wọn. Ìwà ni wọ́n wò. Ní 2022, nígbà tí Tinubu mú Shettima, CAN fárígá, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ Mùsùlùmí méjì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tún gbé e fún wọn ní 2023 bó ti wù kó rí. Ní tiwa, Gómìnà Aiyedatiwa, ọmọ Ìlàjẹ láti Obe-Nla, dórí àlééfà ní oṣù kejìlá ọdún 2023 lẹ́yìn ikú Akeredolu, ó sì wọlé ìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ijó pọ̀ ní Igbókọ̀dá, mo jó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọmọ wa ni, tàbí pé ọmọ ìjọ wa ni, ló yẹ kó jẹ́ ìbéèrè wa. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni: odi òkun ńkọ́?

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Màmá mi ń ta ẹja yíyan àti edé lọ́jà Igbókọ̀dá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Oǹdó fi wà láìní iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe yìnyín, owó epo sì ń jẹ èrè ẹja. Lásìkò ìkórè lọ́dún kan, ìjọ kan nílé pe òṣèlú kan wá ṣe alága. Wọ́n gbé e jókòó níwájú, sórí àga tó ga ju ti wòlíì lọ. Ó na owó, wọ́n lù ìlù, wọ́n gbàdúrà fún un pé yóò wọlé. Kò sẹ́ni tó bi í nípa iná, kò sẹ́ni tó bi í nípa òkun. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ náà dìde, ó ní òun fẹ́ du ipò káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù òun, kí ìjọ bá òun gbàdúrà. Wọ́n ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje kí ẹ̀mí ayé lè kúrò lára ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí! Owó òṣèlú mọ́ tó láti fi kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ìṣèlú dọ̀tí jù fún ọmọ ìjọ tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni "dìbò kóo sebẹ̀" dé. Ẹ ti gbọ́ ọ, òun ni wọ́n ń pariwo nígbà ìbò gómìnà wa ní 2016 àti ti Èkìtì ní 2018. Ẹni tí ebi ń pa, owó ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ló máa rí, kò ní rí òkun tó ń bọ̀. N ò bá wọn wí. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwa tá a ní ẹnu àtibá wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi tá a kàn ń sọ̀rọ̀ ọ̀run nìkan.

Ní ìlàjì ọdún kejì mi níbí, mo gba fọ́ọ̀mù akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa. Brọ̀dá tó jẹ́ olórí fẹ́lóṣíìpù tí mò ń lọ pè mí. Kò jágbe mọ́ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Sístà, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ja, òórùn ẹja á bá a délé." Mo kúnlẹ̀, mo dá a lóhùn pé, "Brọ̀dá mi, ẹ má bínú. Òórùn ẹja ló san owó ilé ìwé mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n yàn: fọ́ọ̀mù tàbí akọrin. Mo mú fọ́ọ̀mù. Wọ́n gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ mi. Mo wọlé. Láti ìgbà náà, gbogbo ìparí oṣù ni mò ń lẹ ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ mọ́ ara pátákó ìsọfúnni, títí kan owó omi inú ọ̀rá. Nǹkan kékeré ni, mo mọ̀. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Ìyá Ìṣirò." Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ṣírò ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú ọgbà, tó bá dé NDDC, kí ló fẹ́ ṣe?

Màmá mi ò tíì gbà. Tó bá pè mí lórí fóònù, á ní, "Ọmọ mi, rọra o. Àwọn èèyàn yẹn burú." Mo mọ̀ pé wọ́n burú. Brọ̀dá mi náà kò parọ́: owó wà níbẹ̀ tó lè yí èèyàn padà, tọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó bá Bíbélì wọlé tó bá àpò jáde. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà míì. Àmọ́ bí gbogbo ẹni tí ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà bá kúrò níbẹ̀, àwọn wo ló kù sídìí ìwé odi òkun yẹn? Nígbà tí Jésù sọ̀rọ̀ lórí owó orí, tó ní kí wọ́n fún Késárì ní tiẹ̀, kí wọ́n sì fún Ọlọ́run ní tiẹ̀, lábẹ́ ọba àjèjì tí wọn ò dìbò yàn ni wọ́n wà. Lọ́dọ̀ tiwa, àwa la ń yan Késárì. Káàdì ìdìbò wà lápò wa. Ohun tí Késárì bá ṣe, ó ní ọwọ́ tiwa nínú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí fẹ́lóṣíìpù máa bá ẹni tó fẹ́ du ipò gbàdúrà, kí wọ́n sì máa bi í léèrè lẹ́yìn tó bá wọlé. Kí pẹpẹ má ṣe jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Kí òṣèlú tó bá wá síbi ìkórè jókòó láàárín ìjọ, kó sì dáhùn ìbéèrè kó tó na owó. Ẹni tí kò bá fẹ́ du ipò, kó dìbò; ẹni tó bá dìbò, kó má ṣe gba owó ọbẹ̀. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ gbààwẹ̀ nítorí òkun gbà á dáadáa, àmọ́ tó bá ṣínu tán, kó kọ lẹ́tà sí aṣòfin ẹ̀.

Èmi ti kọ tèmi. Lẹ́tà méjì ni, ọ̀kan fún aṣòfin wa l'Ábùjá, ọ̀kan fún NDDC. Ọ̀kan náà ni mo bi wọ́n: iye tí wọ́n ti san lórí iṣẹ́ Ayétòrò láti 2004, àti ẹni tí wọ́n san án fún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kó wá bá mi ní kíláàsì 200 lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kérúbù, Rídíìmù, Kátólíìkì, Mùsùlùmí, gbogbo yín lẹ lè wá. Ẹ mú bírò lọ́wọ́.